Ọ̀ràngún: Oyè Ẹni Tí Ọ̀ràn Ń Parí Sí Lọ́wọ́

Nígbà tí babaláwo bá ń tẹ Ifá, àwọn tó jókòó tì í lè máa bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ lábẹ́lẹ̀. Ìka awo ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ìyẹ̀ròsùn, ikin ń dún ní àtẹ́lẹwọ́, ayé ń lọ bó ṣe ń lọ. Odù kan wà tó máa ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ojú méjì lókè, ojú kan nísàlẹ̀ rẹ̀, méjì, lẹ́yìn náà ojú kan. Bó ti rí lápá ọ̀tún ló rí lápá òsì. Bó bá ti hàn báyìí lórí ọpọ́n, àwọn awo á ké "Hẹ́pà!" lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì dákẹ́. Òfún Méjì ló dé. Òun ló kẹ́yìn nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún tí à ń kà láti orí Èjì Ogbè, síbẹ̀ ọ̀wọ̀ àgbà ni wọ́n ń bù fún un. Àwọn awo kan tilẹ̀ ń kọ́ ọmọ-awo pé òun ló ṣáájú nígbà ìwáṣẹ̀, kí ipò tó yí padà.

Odù yìí ní orúkọ kejì, Ọ̀ràngún Méjì. Awo ilé mọ̀ ọ́n, awo oko mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà sì rìn jìnnà. Ní Kúbà, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ yìí ti fi Ifá pamọ́ sínú ọkàn títí ó fi di ogún àwọn ọmọ wọn, Ofún Meyi ni wọ́n ń kọ ọ́, Orangún sì wà lẹ́nu àwọn awo ibẹ̀ dòní. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan Ìlá rí.

Ìlá ni orúkọ yìí ti di oyè. Ọba tó ń jókòó ní Ìlá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀ràngún ni. Ọba Òkè-Ìlá, tí kò jìnnà sí i rárá, Ọ̀ràngún ni òun náà. Oyè ọba pọ̀ lọ súà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n èyí tí òun àti ojú odù Ifá ń jẹ́ orúkọ kan náà ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba wa rò pé ọba wà fún, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara pamọ́: ọ̀ràn gún. Ìtàn Ìlá sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀ràn òun gún, pé ohun gbogbo tó wọ́ tẹ́lẹ̀ ti tò. Àwa náà ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: ètò gún, ilé kò gún, ọ̀rọ̀ gún régé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣáájú nínú orúkọ náà dáadáa. Ọ̀ràn wúwo ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ, a ní ó dáràn. Ẹni tí wàhálà já lù, a ní ọ̀ràn dé bá a. Àwọn tó fi orúkọ yìí sọ ọba kò fi adùn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjàngbọ̀n ló ṣáájú, gígún ló tẹ̀ lé e, ọba sì dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

Fágbàmílà Ajagunńlá ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́ náà. Àwọn òpìtàn kan ní ọmọ bíbí inú Odùduwà ni, àwọn mìíràn ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Gbogbo wọn fẹnu kò pé Ilé-Ifẹ̀ ló ti gbé adé jáde. Orúkọ méjèèjì tó ń jẹ́ kò jọra. Fágbàmílà: Ifá ló gbà á là. Ajagunńlá: jagunjagun ni, kò sì kéré láàárín wọn. Wọ́n ní bó ti ń lọ, ó mú àdá kan dání tí wọ́n ń pè ní Ògbó. Àdá yìí ló fi ń la igbó, òun náà ló sì ń tọ́ka ọ̀nà fún un títí ó fi dé ibi tó tẹ̀dó sí. Láti inú Ògbó-mi-mọ̀nà ni wọ́n ti rí Ìgbómìnà, orúkọ àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ wọn ti Ìlá dé Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró.

Ẹ wá rò ó wò. Ọkùnrin tó mọ ogun jà, tí àdá ọwọ́ rẹ̀ lórúkọ, tí àdá náà sì sọ odindi ẹ̀yà lórúkọ, nígbà tí yóò fi oyè lélẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, kò fi ogun sọ ọ́, kò fi àdá sọ ọ́. Ajagunńlá bá a wọ káà ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ lórí ìtẹ́ ni Ọ̀ràngún. Ogun lè mú ènìyàn dé ibi tí yóò tẹ̀dó sí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ ni aya yóò ti máa jà nítorí omi, tí ọmọ yóò máa jà nítorí ilẹ̀. Àwọn àgbà mọ ibi tí iṣẹ́ ọba ti bẹ̀rẹ̀.

Alùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ bí wọ́n ṣe pín ogún Odùduwà láàárín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méje. Ọba Ìbíní kó owó, Onísábẹ kó ẹran ọ̀sìn, Olúpópó kó ìlẹ̀kẹ̀, Olówu kó aṣọ, Alákétu kó adé. Ọ̀rànyàn kò sí nílé nígbà náà. Nígbà tó dé, ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, ilẹ̀ náà ló sì fi di onílẹ̀ lórí àwọn yòókù. Ọ̀ràngún ńkọ́? Àwọn ìyàwó ni wọ́n pín fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ojú fo ibẹ̀ yẹn bí wọ́n bá ń kà á, torí pé ìtàn Ọ̀rànyàn ló dùn mọ́ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Owó kì í bá ara rẹ̀ jà. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ọmọ tí yóò bèèrè ìdí tí wọ́n fi bu ẹran fún ọmọ orogún jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ṣú opó ọba ti jogún agbo ilé: àwọn ìyá, àwọn ọmọ wọn, àwọn ìbátan tó wà lẹ́yìn ìyá kọ̀ọ̀kan, ìjà àná àti ti ìjẹta. Opó kan ń fẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀. Òmíràn ń du oko fún ọmọ tó ṣì wà lọ́mú. Ìyálé kò fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí òun pọ̀n sẹ́yìn. Nínú àwọn méje, òun nìkan ni wọ́n fún ní ogún tó lè fèsì. Bí wọ́n bá wá pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ràngún, ó yé mi.

Adé ìlẹ̀kẹ̀ pàápàá ń rántí àwọn ìyá. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, tí wọ́n tò yí adé ká títí dé ṣóńṣó orí rẹ̀, àwọn àgbà ní agbára àwọn ìyá ni wọ́n dúró fún, pé ọba tí kò bá ní wọn lẹ́yìn, ìtẹ́ rẹ̀ kò ní tòrò. Àwọn tó ń rí adé ní ojú agbo máa ń wo dídán rẹ̀. Ìbá dára kí wọ́n máa ka ẹyẹ orí rẹ̀.

Ifá ní ìtàn tirẹ̀ nípa Ọ̀ràngún. Nínú ìtàn náà, Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló jọba. Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí Ifá ń pè ní Ọ̀wáràngún-àga, tí ọ̀pọ̀ awo máa ń tọ́ka sí Ìlá bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn wọn. Ọjọ́ ọdún pé, bàbá ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dé, ó ń foríbalẹ̀, ó ń kí bàbá ní kíkí awo, pé kí ẹbọ rú, kí ẹbọ yè, kí ẹbọ ṣẹ. Ó kan Ọlọ́wọ̀, Ọlọ́wọ̀ dúró. Bàbá ní kí ó kí òun. Ó ní òun ò kí i. Aṣọ tí bàbá wọ̀ ni òun náà wọ̀. Bàtà idẹ wà lẹ́sẹ̀ bàbá, ó wà lẹ́sẹ̀ òun. Ọ̀pá idẹ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá dádé, òun náà dádé. Kí ló kù tí òun yóò tún máa tẹríba fún?

Ọ̀rúnmìlà bínú, ó sì lọ sọ́run. Ayé dàrú. Aboyún ò bí mọ́, àgàn ò rí ọmọ gbé jó, òjò kọ̀, odò gbẹ, ohun ọ̀gbìn ò jinná. Àwọn ọmọ náà kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bẹ bàbá wọn ní ìdí ọ̀pẹ kan tó ya orí mẹ́rìndínlógún. Ó ní òun ò tún padà wá sílé mọ́. Ó wá kó ikin mẹ́rìndínlógún fún wọn, ó ní òun ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, òun ni kí wọ́n máa bi bí wọ́n bá ń fẹ́ owó, bí wọ́n bá ń fẹ́ ọmọ, bí wọ́n bá ń fẹ́ ilé kọ́.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, Ọlọ́wọ̀ ni gbogbo ojú máa ń wà lára rẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ ni awo fi ń kìlọ̀ fún ọba, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ara Ọ̀wáràngún ni ojú tèmi máa ń wà. Ó wọlé, ó foríbalẹ̀ pẹ̀lú adé lórí, ó jókòó. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò kọ̀ ní ìlú Ọlọ́wọ̀, ó kọ̀ ní ìlú tirẹ̀ náà. Aboyún rẹ̀ náà jókòó sórí ẹní tí kò bí. Nígbà tí wọ́n sì máa lọ bẹ̀bẹ̀, kò sọ pé ẹni tó jẹ gbì ni kó kú gbì. Ó bá wọn lọ. Ó kúnlẹ̀ nítorí ọ̀ràn tí kò dá.

Ibí yìí ni mo rí ìtumọ̀ oyè náà tó jinlẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń tún ọ̀ràn ara rẹ̀ ṣe, ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn ṣe ló ń ṣe, a kì í dádé fún un nítorí bẹ́ẹ̀. Ọba ni ẹni tí wọ́n gbé ọ̀ràn ẹlòmíràn fún pé kó gún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ tí kò fà, gbèsè tí kò jẹ, ẹ̀jẹ̀ tí kò ta sílẹ̀, ìjà tó ti wà kí wọ́n tó bí i: bó bá ti gorí ìtẹ́, tirẹ̀ ni wọ́n. Bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó padà sí oko rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀ náà.

Ẹ sì ṣàkíyèsí pé bàbá kò padà. Ohun tí wọ́n lọ bẹ̀ fún kọ́ ni wọ́n rí gbà. Ikin ni wọ́n gbà, ikin kì í sì í sọ̀rọ̀ àfi kí a bi í. A ń kí ọba ní Kábíyèsí, a ń sọ pé kò sí ẹni tó lè bi í. Ifá ní tirẹ̀ kó ohun ìbéèrè lé ọba lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa bèèrè kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ọba ayé àtijọ́ tí kò ní babaláwo láàfin ṣòroó rí.

Ó lè rú ẹlòmíràn lójú pé Odùduwà ni ìtàn ìlú fi ṣe baba Ọ̀ràngún, tí Ifá sì fi Ọ̀rúnmìlà ṣe baba rẹ̀. Kò rú mi lójú. Ẹni tó gbé adé fún ọba yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi adé ṣe, a sì ń pe àwọn méjèèjì ní bàbá. Orúkọ Fágbàmílà fi hàn pé àwọn ará Ìlá àtijọ́ kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Kí ni odù wá ń fi orúkọ ọba ṣe? Ẹ wo bí ẹjọ́ ṣe ń rìn nílùú Yorùbá. Tọkọtaya jà, baálé ilé parí rẹ̀. Bó bá ju agbára rẹ̀ lọ, ó di ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, títí yóò fi dé ààfin. Lẹ́yìn ààfin, kò sí ibòmíràn tí wọ́n máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń ka odù: Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, títí dé Òfún Méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ojú odù mìíràn. Odù tó kẹ́yìn àti ọba tí ẹjọ́ ń parí sí lọ́dọ̀ rẹ̀ jọ ń gba ohun tí kò lójúùtú níbi tó ti ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìbẹ̀rù wà nínú "Hẹ́pà!" náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀ràn tó ti kọjá lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn tí kò gún, òun ló wọlé dé yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ ààlà, torí pé òun ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pín oko bàbá wọn, wọ́n gbin pèrègún sí ààlà. Nígbà tó ṣe, pèrègún mẹ́ta ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n ló hú wọn. Ẹ̀gbọ́n ní àgbàrá ló wọ́ wọn lọ. Baálé dá a, kò tán. Olóyè dá a, àbúrò yọ àdá. Ó dé ààfin. Ọba tó ń kánjú lè fi okùn wọn ilẹ̀ náà, kó là á sí méjì, kó sì dìde. Ọba tó mọ orúkọ oyè rẹ̀ á ránṣẹ́ pe ìyá arúgbó tó ti ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lóko náà láti ìgbà tí bàbá wọn wà láyé. Á bi í bóyá igi ọsàn wà lápá ìhín pèrègún àbí lápá ọ̀hún, á bi í ẹni tó máa ń ká ọsàn náà. Á gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n tán, á gbọ́ ti àbúrò tán, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá dá pèrègún padà sáyè rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló parí. Ọba á la obì, àwọn méjèèjì á jẹ ẹ́ lójú ara wọn, á sì tún máa fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ọ̀nà kan náà lọ sóko. Òkúta ààlà kò lè sọ èyí fún un. Àwọn ọmọ wọn ló máa sọ ọ́.

Ibi tó kàn mí lọ́kàn jù nínú ìtàn oyè yìí ni èyí tó ń bọ̀ yìí, ìbànújẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìlá gbé ibùdó ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà lónìí. Ní Ìlá-Yàrà ni ìyapa ti dé. Ọba wàjà, àwọn ọmọ ọba méjì, Arútú Olúòkun àti Apàkíìmọ̀, sì ń du ìtẹ́. Wọ́n bá wọn sọ ọ́ sọ ọ́, ọ̀ràn náà kò gún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kó ènìyàn rẹ̀. Arútú lọ tẹ Ìlá dó, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìlá Ọ̀ràngún. Apàkíìmọ̀ lọ tẹ Òkè-Ìlá dó, lẹ́bàá àwọn òkè ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mú oyè náà lọ.

Ó dunni pé nínú ilé ẹni tí à ń pè ní Ọ̀ràngún ni ọ̀ràn kan ti kọ̀ tí kò gún. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu oyè náà. N kò bá wọn ṣe. Mo rí i pé kò sí èyí tó ju orúkọ náà nù nínú àwọn ọmọ ọba méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ń bá wọn wí. Ẹni tó bá sì mọ Ifá yóò rántí ohun kan: Ọ̀ràngún Méjì ni odù náà ń jẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ló ní lórí ọpọ́n, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì jọra dọ́gba-dọ́gba. Ọ̀tún ni awo ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, ṣùgbọ́n kò sí awo tó máa pa apá òsì rẹ́ pé òun ti rí ọ̀kan, ó tó. Bí ó bá pa á rẹ́, kì í ṣe Òfún Méjì mọ́. N kò sọ pé nítorí Ìlá àti Òkè-Ìlá ni odù náà ṣe rí bẹ́ẹ̀. Odù ti wà kí àwọn ọmọ ọba tó jà. Mo ń sọ pé Ifá ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti jókòó pọ̀ lórí ọpọ́n kan, kí ó tó di pé ìtẹ́ kan ṣoṣo kò gbà wọ́n. Lónìí, Ìlá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá ni ti Ìfẹ́dáyọ̀, ọ̀nà kan náà ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀ràn tí kò gún ní Ìlá-Yàrà ni gbogbo ọba tó bá jẹ ní ìlú méjèèjì jogún, wọ́n sì lè tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, nínú ìgbéyàwó, nínú ọdún, nínú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Ọ̀ràn tó dé lẹ́yìn èyí pọ̀, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìlọrin àti ti Ìbàdàn kọ lu ilẹ̀ Ìgbómìnà léraléra. Ìlá bá Èkìtìparapọ̀ dúró nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá fa ààlà tó gba àárín Ìgbómìnà kọjá. Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo bá ara wọn lápá Àríwá, wọ́n sì wà ní Kwara títí dòní. Ìlá wà lápá Ìwọ̀-Oòrùn, ó di ti Ọ̀ṣun ní 1991. Wọn kò la obì kankan nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí.

Ohun tó ń dùn mí lónìí ni ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di ọba. Òfin oyè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1957 ní kí wọ́n kọ ìlànà oyè sílẹ̀, ìdílé tó ń jọba, àwọn afọbajẹ, bí ipò ṣe ń kàn wọ́n. Ó dára pé ó wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jìnnà tí ìwé náà fúnra rẹ̀ fi di ohun tí wọ́n ń pẹjọ́ lé lórí. Ìlú wà nílẹ̀ Yorùbá tí ìtẹ́ rẹ̀ ti ṣófo fún ọdún púpọ̀ nítorí pé ọmọ baba kan náà ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́, láti kóòtù kékeré dé èyí tó ga jù lọ. Nígbà tí adájọ́ bá sì dá a tán, ẹni tó jàre yóò wọ ipèbí, yóò dádé, yóò jókòó láti máa parí ìjà fún àwọn ẹlòmíràn, tí òun àti àbúrò rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ara wọn lójú ọ̀nà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ìlú bá ní ọba tó ti kóòtù bọ̀, ta ni yóò tún ilé rẹ̀ ṣe fún un?

Síbẹ̀ oyè yìí kò tíì kú. Ọba Adédọ̀kun Abólárìn, tó di Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá ní 2006, amòfin ni kó tó gorí ìtẹ́. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ìlú fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lágbára, ó sì ń wọ kíláàsì kọ́ wọn fúnra rẹ̀. Kí ọba tó dádé dúró níwájú pátákó, kí ó máa pe ọmọ akúṣẹ̀ẹ́ lórúkọ kó wá dáhùn ìbéèrè, ohun tí àwọn baba ńlá kò rí rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ohun tó jẹ́ bí wọ́n bá rí i. Òṣì ọmọ yẹn, kì í ṣe ọba ló fà á. Ó kàn gbà pé tòun ni.

Nígbà tí oyè bá ṣófo, àwọn afọbajẹ ṣì máa ń kó orúkọ àwọn ọmọ oyè lọ síwájú Ifá, níbi tí wọn kò bá tíì fi owó dí Ifá lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ìbéèrè wọn pọ̀ sí i. Kí wọ́n má ṣe bi Ifá nìkan pé ta ni ìlú yóò tòrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí agbo ilé ọmọ oyè náà ní àárọ̀ kùtù, láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú. Kí wọ́n wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò bá a sọ. Kí wọ́n bèèrè ìjà tó ti parí níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti kú, kí wọ́n pe opó àbúrò náà sẹ́yìn ilé, kí wọ́n bi í pé ta ló ń ro oko ọkọ rẹ̀, àti pé ta ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.